Ọdún tí Amọ̀ Gba Firíìjì Wa

Firíìjì wa kú ní Sátidé kan, nígbà tí iná dé pẹ̀lú agbára tí a ò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó dún gbàà, ó sì dákẹ́. Bàámi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í fẹ́ ariwo, gbé àga síwájú rẹ̀, ó jókòó bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò. Ṣùgbọ́n Màámi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tì í, ó tún un ṣí, ó fi ìka tẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn náà yíká, ojú rẹ̀ sì ń tàn. "Ó ṣì ń dé pa dáadáa," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé rárá." Bàámi ní kí ni àǹfààní ìyẹn nígbà tí kò lè mú omi tutù mọ́. Màámi ní ta ló ń sọ̀rọ̀ omi. Mo dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo kéré débi pé orí mi kò tíì ga ju ọwọ́ ilẹ̀kùn firíìjì náà lọ, mo sì mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ilé wa.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni à ń gbé ní Sùúrùlérè. Àwa wà lókè, Alhájì tó ni ilé wà nísàlẹ̀, ó sì fi yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ háyà fún Àǹtí Rẹ̀mí, ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Rédíò Alhájì ló máa ń jí wa láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn Bàámi á máa jáde láti balùwẹ̀, torí pé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í sì í wẹ̀ láìkọ orin. Tísà ni Màámi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá ní iṣẹ́ ọnà: yíya àwòrán, aṣọ aláró, àti ìkòkò mímọ, èyí tó fẹ́ràn jù. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, kò sì ríbi tó máa gbé e sí àfi yàrá tí àwọn ọmọ Màámi ti ń mọ ìkòkò. Wọ́n wó ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, wọ́n ní kí Màámi kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ìdánwò níwájú, nínú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wọn mọ nǹkan lójú ẹni tí wọ́n bá rán wá wò wọ́n. Ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ ò ní ra amọ̀ mọ́, kí wọ́n kúkú ya àwòrán ìkòkò. Màámi délé lọ́jọ́ náà, kò bọ́ bàtà, ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní pálọ̀. "Ya àwòrán ìkòkò! Ṣé tí ebi bá ń pa ọ̀gá, á ya àwòrán ẹ̀bà?"

Ìdọ̀tí tí wọ́n ní kó kó ni ó kó wálé. Àpò lórí àpò: ìkòkò tí àwọn ọmọ ti mọ láti ọdún dé ọdún tí wọn ò sun, ife tí etí rẹ̀ ti já, orí ènìyàn tí kò nímú, ẹ̀rúnrún àti erùpẹ̀ tí wọ́n gbá kúrò nílẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó gbé e wá gbà pé sìmẹ́ǹtì ni, wọ́n sì kí Bàámi kú oríire ilé tó fẹ́ kọ́. Bàámi wo inú àpò kan. "Ìyá Bísí, gbogbo èyí ti fọ́." Màámi ní, "Ẹ má dààmú. Tí iná ò bá tíì kàn án, kò tíì bàjẹ́. Omi ló ń fẹ́." Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn lọ́dún náà débi pé mo máa ń kà á mọ́ àdúrà alẹ́ mi láìmọ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí Màámi lò tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yẹn. Ọ̀nà tó ń gbà tún amọ̀ ṣe kò ṣòro: ó máa rẹ ẹ́ sínú báfù títí á fi di ẹrẹ̀, á sẹ́ ẹ kí òkúta àti koríko lè kúrò, á wá omi inú rẹ̀ dín kù títí á fi ṣeé pò. Ṣùgbọ́n ara ilé wa ló ti rí gbogbo ohun tó nílò. Ó tú férémù àwòrán ìgbéyàwó wọn, ó gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó kàn án mọ́ ọn, ó di asẹ́. Àwòrán náà wà lórí tẹlifísàn láìní férémù, ó ń ká kò díẹ̀díẹ̀ títí ojú Bàámi fi wọ inú rẹ̀ tó ku Màámi nìkan. Ó rí wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan gbà ní ọjà Ládìpọ̀, ó so igi pẹ́ńpẹ́ mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ó fi ń gé amọ̀ bí ẹni ń gé ọṣẹ. Àwọn tó ń ṣe àjà pí-ó-pí nílé kejì fún un ní lẹ́búlẹ́bú funfun wọn tó kù. Ó pò ó mọ́ omi, ó dà á sínú páànù tó fi ń yan kéèkì, nígbà tó le tán, ó di òkúta pẹlẹbẹ tó ń fa omi mu lára amọ̀ tí a bá tẹ́ lé e. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹ kéèkì mọ́ nílé wa. Inú firíìjì ni amọ̀ tó bá ti dára ń lọ. Màámi fi fóòmù tútù tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà kúrò, ó di amọ̀ ní náílọ́ọ̀nù sórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ó sì to àwọn róbótó kéékèèké síbi tí wọ́n ń to ẹyin sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ìgò ìfínmi tí Bàámi ń lò tó bá ń lọ aṣọ fín omi sí wọn lójoojúmọ́ tí mo bá ti iléèwé dé.

Àlejò tí kò bá mọ̀ ló máa ń rí ìjàngbọ̀n. Bùọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò Bàámi, wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ebi ti pa á láti Ìdó. Kò bá àgbà kankan nílé àfi èmi, mo sì wà nínú ilé ìwẹ̀. Ó ṣí firíìjì, ó rí nǹkan róbótó nínú náílọ́ọ̀nù, ó ní fùfú ni. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti gbé e ka iná, ó ń rò ó, òógùn bò ó. "Bísí," ló wí, "fùfú yín yìí ń bá mi jà." Màámi dé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí i tó ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kaná sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi rò pé á pariwo pé kí ó má fi amọ̀ pa ara rẹ̀. Màámi sáré lọ bo ìkòkò. "Ọbẹ̀ ò tíì ta sí i, àbí? Káyọ̀dé, dá mi lóhùn, ṣé epo ti kàn án?" Bùọ̀dá ní rárá. Màámi mí kanlẹ̀, ó ní kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ sínú báfù, kí èyí tó wà léèékánná rẹ̀ má baà ṣòfò.

Nígbà tó yá, amọ̀ tó ń fẹ́ gbígbẹ pọ̀ ju ohun tí òkúta pí-ó-pí lè gbà lọ. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí, ó ń so ó rọ̀ sí fáráńdà kí omi rẹ̀ lè máa kán. A sùn lórí fóòmù lásán fún ìgbà díẹ̀. Àpò ìrọ̀rí tán, ó yíjú sí ṣòkòtò. Ó fi okùn di ọrùn ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, ó da ẹrẹ̀ kún un láti ìbàdí, ó fi bẹ́líìtì fún un pinpin, ó sì gbé e kọ́ sí igi fáráńdà. Èyí tó mú ni ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tí Bàámi ń wọ̀ lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó ní aṣọ rẹ̀ ki, kò ní ya. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàámi jáde síta pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì àti ìró. "Ìyá Bísí, ṣòkòtò mi dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ẹ wo fáráńdà."

Bàámi wò ó pẹ́. Ènìyàn tín-ínrín ni. "Ó ti sanra," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò kún un tó báyìí rí." Ló bá wọ kásọ́ọ̀kì kọ́áyà rẹ̀ láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti di ìyàwó ilé báyìí, mo sì mọ irú ìfẹ́ tó wà nínú kí ènìyàn rìn gba àárín àdúgbò nínú kásọ́ọ̀kì torí pé iṣẹ́ aya rẹ̀ kò tíì gbẹ. Láìpẹ́ yìí ni mo rí fídíò kan lórí fóònù, ọkùnrin kan nílùú òyìnbó ń fi ìgbéraga fi hàn bó ṣe ń so amọ̀ rọ̀ nínú ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀, bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Mo kígbe mọ́ fóònù náà débi pé àwọn ọmọ mi sáré jáde.

Ṣòkòtò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Màámi ti fi aṣọ ọlọ́mi bo apá òkè rẹ̀ nítorí oòrùn, torí náà ẹsẹ̀ nìkan ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí láàárín irin fáráńdà. Ní ìdájí ọjọ́ kan tí Alhájì ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, a gbọ́ gbàgbàgbà lẹ́nu ọ̀nà. Màámi ṣílẹ̀kùn. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ń ṣàn láti orí fìlà Alhájì wá sí irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá Bísí, ṣé irú nǹkan tó yẹ kí ọkọ yín ṣe sí mi nìyí? Èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ kí i o! Mo ní, 'Bàbá Bísí, ẹ káàárọ̀.' Kò dáhùn. Mo tún kí i. Ó kàn ń mi ẹsẹ̀ ni! Mo ní bóyá ara rẹ̀ ò yá, mo súnmọ́ ọn láti wò ó, ló bá tọ̀ sí mi lórí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe òun. Ṣòkòtò rẹ̀ ni."

"Ṣòkòtò rẹ̀ ló tọ̀ sí mi lórí?"

Bàámi jáde láti yàrá nínú ìró, pákò lẹ́nu, ó dọ̀bálẹ̀. Alhájì wo Bàámi nílẹ̀, ó wo fáráńdà níbi tí ẹsẹ̀ náà ti ń mì lọ, tó ń mì bọ̀, ó tún wo Bàámi. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Tí ìwọ bá wà níbí, ta ló wà nínú ṣòkòtò ẹ?"

Màámi, tí kì í purọ́, ní, "Ìdánwò àwọn ọmọ mi ni, sà."

Ìdáhùn yẹn kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Alhájì fi ìka kan tẹ itan ṣòkòtò náà, ó rọ̀, ó tutù, ó sì wúwo bí itan ènìyàn gan-an. Ó fà sẹ́yìn. Ó ní òun ti ń gbóòórùn nǹkan láti òkè fún ìgbà pípẹ́, òun ti gbọ́ pé a ní firíìjì tí kò ṣiṣẹ́ tí a máa ń tì pa, tí ọmọ kékeré ń fín omi sí nǹkan inú rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, gbogbo ará ilé máa pé jọ, a máa ṣí firíìjì náà lójú gbogbo ayé, lẹ́yìn náà kí á wá ibòmíràn gbé. Màámi jókòó sórí àpò amọ̀ nígbà tó lọ tán. Kò sọkún. Ó kàn ń wo àwọn báfù, àwọn àpò ìrọ̀rí, ṣòkòtò, ó ní, "Níbo ni mo máa kó gbogbo èyí lọ? Ìdánwò ti dé tán." Bàámi, tó yẹ kó máa múra ibi iṣẹ́, jókòó sórí àpò kejì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Alhájì wọ aṣọ ńlá. Àǹtí Rẹ̀mí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ sókè láti tan iná sí firíìjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná wà. Màámi ṣílẹ̀kùn. Òórùn jáde bíi ti gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Àǹtí Rẹ̀mí kígbe "Jésù!", Alhájì ní "Láìláà!", Màámi sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyá tí wọ́n yin ọmọ rẹ̀. "Òórùn yẹn ló fi hàn pé ó ti gbó dáadáa," ló wí. "Amọ̀ tó bá ń rùn báyìí kì í ya lọ́wọ́."

Alhájì ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Àìsàn kan ti kọlu apá ibẹ̀ kí á tó kó wá, ìka rẹ̀ sì máa ń nà gbọnrangandan bí ìka ère. Dókítà ti fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kó máa fún un pọ̀, ṣùgbọ́n Alhájì ní òun tó ti lọ Mẹ́kà, òun ò ní jókòó máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré. Ó fi ọwọ́ òsì tú náílọ́ọ̀nù, ó wá ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú rẹ̀ torí pé òsì ló di náílọ́ọ̀nù mú. A dúró. Mo wà nítòsí, mo rí i: ìka rẹ̀ wọ inú amọ̀ náà lọ, wọ́n sì ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká.

"Alhájì, kí lẹ rí níbẹ̀?" Àǹtí Rẹ̀mí béèrè.

"Ẹ dákẹ́ ná."

Ó fún un, ó tú u sílẹ̀, ó tún un fún. Bàámi ò lè mú un mọ́ra. "Alhájì, ilé tí ẹ ní kí á kó kúrò nínú rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Alhájì wí, kò gbójú kúrò nínú firíìjì. "Ìpàdé ti parí. Kí oníkálukú máa lọ."

Láti ọjọ́ kejì ló ti di ara ilé wa. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ á gun òkè wá, á bọ́ aṣọ kù síńgílẹ́ẹ̀tì, á jókòó sórí àpótí ní kíṣíìnì wa, á máa pò amọ̀ lórí tábìlì tí Màámi fi aṣọ àpò bò. Màámi fi bó ṣe máa tì í síwájú, tó máa yí i, tó máa tún un tì hàn án, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè tán. Láàárín àkókò díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pò ó tó o. Bàámi ló ṣì ń yà lẹ́nu. Á wọ kíṣíìnì láti mu tíì kó tó lọ ibi iṣẹ́, á bá onílé rẹ̀ níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, á dọ̀bálẹ̀ láàárín báfù, Alhájì á sì ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ má jẹ́ kí n dí yín lọ́wọ́," bí ẹni pé Bàámi ló wá kí i. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ iṣẹ́, á máa sọ̀rọ̀ Sìdí, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Kò sọ ohun ńlá kan nípa rẹ̀. Àríyànjiyàn tí wọ́n jọ máa ń ṣe nípa bí ìrẹsì ṣe yẹ kó rí ni, àti bó ṣe máa ń sùn lé gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Màámi á máa sẹ́ ẹrẹ̀, á máa dáhùn "Hẹn-ẹn, sà." Mo kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ní kíṣíìnì yẹn, pẹ̀lú amọ̀ dé ìgbúnwọ́.

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sínú ìsinmi wa, torí náà mo bá wọn lọ. Màámi ń bẹ̀rù pé oòrùn máa gbẹ amọ̀ náà kó tó dé Yábàá. Alhájì ní ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀, kí á gbé firíìjì lọ bó ṣe wà. Ó yá píkọ́ọ̀pù ẹnìkan, àwọn géńdé gbé firíìjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, wọ́n dè é ní òòró, Alhájì sì jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní Ojúẹlẹ́gba, ọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n kígbe pé, "Alhájì, ẹ kú oríire firíìjì tuntun!" Alhájì ní, "Kì í ṣe firíìjì, amọ̀ ni." Ọkùnrin náà wò ó tàánútàánú, ó ní, "Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, bàbá." Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá rí arúgbó tó wọ aṣọ ńlá tó ń sọ firíìjì kalẹ̀, ó sáré jáde, ó bọ Alhájì lọ́wọ́, ó dúpẹ́ pé ó rántí yàrá àwọn tísà, ó sì pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i láti wo bó ṣe jinlẹ̀ tó. Òórùn náà dé bá a lójú kan. Kí ó tó ríbi mí, àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ti yí firíìjì ká, wọ́n ń kígbe "Mà! Mà, amọ̀ ni!", wọ́n ń gbá Màámi mọ́ra. Ẹni tí wọ́n rán wá wo ìdánwò náà dúró lẹ́yìn wọn, kò sì sí ẹni tó tún lè sọ̀rọ̀ yíya àwòrán ìkòkò.

Wọ́n mọ nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Alhájì jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú amọ̀ tirẹ̀, òun náà ń mọ. Aláyẹ̀wò náà ń lọ láti orí ọmọ kan dé òmíràn, ó ń kọ máàkì, ó sì dé iwájú Alhájì láìgbé ojú sókè. "Nọ́ńbà?" Alhájì ní, "Mo ti lé ní àádọ́rin." Aláyẹ̀wò gbójú sókè, ẹ̀rù bà á, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ mọ?" Ó dà bí iṣu tó létí. "Ìyàwó mi ni," ni Alhájì wí. Ọkùnrin náà tẹrí ba díẹ̀, ó ní ó dára gan-an, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí èsì jáde, gbogbo ọmọ Màámi ló yege nínú iṣẹ́ ọnà, ọ̀gá sì fọnnu káàkiri pé òun ló ṣètò rẹ̀.

Kò sí ààrò tí a lè fi sun ohun tí àwọn ọmọ náà mọ, torí náà lẹ́yìn tí wọ́n ti gba máàkì tán, Màámi kó wọn bọ̀ wálé láti tún wọn rẹ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Ti Alhájì nìkan ló kù. Ó gbé Sìdí sójú fèrèsé rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbẹ, ó funfun, etí rẹ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Màámi ní òun lè bá a wá ibi tí wọ́n á ti sun ún, kó lè wà títí. Alhájì bínú. "Ẹ fẹ́ dáná sun Sìdí? Mùsùlùmí òdodo?" Màámi bẹ̀ ẹ́ títí ìbínú rẹ̀ fi rọ̀. Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, ó gun àtẹ̀gùn wá díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ìka ọ̀tún àti ti òsì dì í mú bákan náà. Ó ní etí kejì náà ti já, òun ò fẹ́ kó máa wó lọ báyìí lójú òun. Ó ní kí Màámi bu omi. Màámi pọn omi láti inú dírọ́ọ̀mù sínú báfù, Alhájì kúnlẹ̀, ó rọra gbé e sínú rẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ kì í dákẹ́ tó bá kan omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń tú ìfóòfó kéékèèké sókè, ó ń dún sísísí, iwájú orí rẹ̀ ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Alhájì tẹ etí sí i, ó gbọ́, ojú rẹ̀ sì tú ká bí ẹni tó gbọ́ ohùn tó mọ̀.

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ráhùn?" ló wí. "Ó ní omi yìí tutù jù."

Màámi yí padà sí sítóòfù, ó gbé kẹ́tùlù tó fẹ́ fi po tíì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhájì, ó sì ń da omi gbígbóná náà sínú báfù díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́, kó má baà jó Sìdí.